Ìwé àwọn olóríkunkun: ká fún ọmọ kà ni, àbí ká gbé e pamọ́?

ÌBÉÈRÈ:

Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 16, ìwé ló ń jẹ, ìwé ló ń mu. Tẹ́lẹ̀ inú mi máa ń dùn sí i, àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìwé tó ń kà ti yí padà. Gbogbo ẹ̀ náà ni ti obìnrin tó kó jáde nílé ọkọ, ọmọ tó ko bàbá ẹ̀ lójú, ẹni tó ní òun ò ní ṣe ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Màmá mi wá kí wa, wọ́n rí ọ̀kan lórí àga, wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù kó tó kó ìwàkíwà ràn án. Ọkọ mi ní bó bá jẹ́ dandan kó ka irú ẹ̀, kó kà á ní Yorùbá. Mo wá ń bi ara mi pé ṣé irú ẹ̀ tiẹ̀ wà ní Yorùbá? Gbogbo èyí tí wọ́n fi kọ́ wa nílé-ìwé, "gbọ́ ti àgbà" ló ń sọ. Kí n gba ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọ ni àbí kí n fi í sílẹ̀?

* * *

Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ jàre. Ìwé tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 16, abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni yóò ti kà á parí, bí kò bá sì rí i kà níbẹ̀ yóò wá a kàn lórí fóònù, ẹ ò wá ní mọ ohun tó ń kà mọ́ rárá. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ndìrì ní Yorùbá kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọmọ táwọn òbí ń yẹ báàgì ẹ̀ wò ló máa ń ní ìwé pamọ́ sí tàbìlì ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló mú mi dá sí i. Èyí tí ẹ sọ pé "gbọ́ ti àgbà" nìkan ni ìwé Yorùbá ń sọ ni mo fẹ́ bá yín fà. Ìwé ìtàn àròsọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kà sí àkọ́kọ́ ní èdè wa, ìtàn ta ni? Ìtàn obìnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kó ọkùnrin jọ ni! Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ọdún 1929 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ó wọ 1930 kó tó parí, wọ́n sì kó o pọ̀ di ìwé. Isaac Thomas tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀, àmọ́ kò fi orúkọ ara ẹ̀ sí i, ńṣe ló ṣe bí ẹni pé obìnrin kan tó ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ló ń kọ̀wé sí òun láti ka ohun tójú ẹ̀ ti rí. Àwọn ará Èkó gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nítorí ẹ̀. Fágúnwà ò tíì dé nígbà yẹn o, 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde.

Nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn òyìnbó ló kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá wa.

* * *

Àwọn tó ka èsì mi ti ń fèsì. Bọ̀dá wa tó wà ní Ìbàdàn ní mo ti fi ẹnu ara mi pa ara mi láyò. Ó ní ṣebí Sẹ̀gilọlá ronú pìwà dà, ṣebí ó ń fi ẹsẹ Bíbélì àti orin ìjọ sọ̀rọ̀ látòkèdélẹ̀, ṣebí ìyà jẹ ẹ́ títí tó fi fẹ́ẹ̀ kú, nítorí náà ìwé ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe ìwé olóríkunkun. Ẹni mẹ́ta mìíràn ti tì í lẹ́yìn, ọ̀kan tiẹ̀ ní gbogbo ìtàn Yorùbá ló rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ etí ikún, ìparí ẹ̀ kì í dáa.

Ó dáa. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló parí. Ṣé ìparí ni wọ́n wá ń ra ìwé ìròyìn fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Bọ̀dá, ẹ fọkàn sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ Bíbélì ni wọ́n ń wá, Bíbélì wà nílé. Ohun tó ń mú wọn dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni bí obìnrin yẹn ṣe gbọ́n, bó ṣe ń fi ẹyinjú múni, bó ṣe ń fi ọkùnrin kan ṣeré tó tún ń kọ orin tó ń lọ nígboro lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde nínú Èkó 1929, tó jẹ́ pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mọ̀wé kà, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é bí kò bá fi ẹkún bò ó? Ìrònúpìwàdà ni tíkẹ́ẹ̀tì tó fi wọ bọ́ọ̀sì, kì í ṣe ibi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ tèmi kò ju ìyẹn lọ, màá sì tún un sọ títí ẹ ó fi sú: tí ẹ bá ń ka ìwé nípa ẹni tó kọ àṣà, ẹ yé máa sáré lọ wo ìparí. Àwọn òǹkọ̀wé wa máa ń na olóríkunkun lẹ́yìn ìwé kí àwọn àgbà má bàa bínú. Àárín ìwé ni òótọ́ wà. Tí wọ́n bá fún un ní ogójì ojú ewé tó fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun, tí wọ́n wá fi ojú ewé méjì pa á, èwo lẹ rò pé ọmọ máa rántí?

* * *

Ẹni tó ní "ẹ̀yin tísà náà lẹ bà á jẹ́", mi ò bá ẹ jà. Òótọ́ lo sọ. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi parí gbogbo ìwé lítíréṣọ̀ nínú ìdánwò ni "sọ ẹ̀kọ́ márùn-ún tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí". Márùn-ún! Bí ìwé ò bá ní ju ẹyọ kan lọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé ń bínú ni, tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ńkọ́? Ọmọ á wá há a sórí: ó kọ́ wa pé ká má ṣojúkòkòrò, ó kọ́ wa pé ká máa tẹ́tí sí òbí wa, ó kọ́ wa pé ìkánjú ò dáa. Wọ́n á kọ ohun kan náà fún ìwé mẹ́wàá, máàkì á sì pé. Bí ẹ̀yin náà ṣe wá dàgbà tẹ́ ẹ rò pé "gbọ́ ti àgbà" ló wà nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá kan wà nílé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí kíláàsì jiyàn nípa ìwé mọ́ torí pé ariwo wa ń dí kíláàsì kejì lọ́wọ́. Kí ni wọ́n wá ń pè ní lítíréṣọ̀ tí ò bá sí iyàn níbẹ̀?

* * *

Hùn-ún. Ọ̀rọ̀ ti dé orí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn ayé àtijọ́, mo mọ̀ pé yóò débẹ̀. Ìjà tí wọ́n ń jà lókè yìí, ọ̀nà méjì ló pín sí. Àwọn kan ní ìkà ni, ó bẹ́rí ẹrú tó lóyún, kí Látòósà tó jẹ́ olórí Ìbàdàn nígbà náà má ṣe é léṣe ni ì bá burú. Àwọn kan, pàápàá àwọn àǹtí wa, ní akọni obìnrin ni, àwọn ọkùnrin ló bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí èyí torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè yìí ti le jù.

Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa ẹ̀, 1970 ló jáde. Ohun tó gbé eré yẹn ró ni pé ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyálóde ní kú sórí ìkúnlẹ̀, ó wá bínú pé ẹrú òun kankan ò gbọdọ̀ lóyún láé, Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, Ìyálóde ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Látòósà fi kó ogun wọlé tọ̀ ọ́, tó sì gbé májèlé jẹ. Ẹni tó bá ti wò ó lórí ìtàgé tàbí tó wo èyí tí Túndé Kèlání ṣe ní 2005, ẹ mọ̀ pé ara máa ń bù máṣọ. Kò sẹ́ni tó máa wo ìyẹn tí kò ní sọ pé kí wọ́n mú un.

Ẹ wá lọ ka ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Látòósà fi kàn án ní 1874. Ìkíní, kò bá òun lọ sógun. Ìkejì, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Ìkẹta, nígbà tí òun ń bọ̀, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. Ó parí! Ibo ni ọ̀rọ̀ ẹrú wà níbẹ̀? Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní oṣù karùn-ún, wọ́n fi ọwọ́ àwọn ẹrú ẹ̀ pa á lórí ibùsùn lóru ní oṣù kẹfà, ọmọ tó gbà tọ́ sì lọ́wọ́ sí i. Obìnrin olówó tó ti ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun ní àwìn tí wọn ò san án ló sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, mi ò náwó sí ogun yín mọ́. Ohun tó ṣe tó lòdì sí àṣà Ìbàdàn ìgbà náà nìyẹn. Pé ó ń lo ẹrú nílòkulò, àṣà ìlú ni, gbogbo àwọn olóyè tó dájọ́ fún un ló ní ẹrú nílé!

Àmọ́ ẹ̀yin àǹtí, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́. Mi ò ní sọ pé akọni ni fún mi. Ẹni tó ní ẹrú tó tó báyẹn, tí ọmọ ẹ̀ kú tó sì fi ìbínú ẹ̀ sórí ọmọ ọlọ́mọ, kò di ẹni iyì torí pé obìnrin ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú eré yẹn, ta ló tako àṣà gan-an? Ìtáwuyì àti Adétutù ni. Ẹrú méjì tí wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ fẹ́ra wọn, tí wọ́n fẹ́ra wọn. Mo ti bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìbéèrè yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo wọn ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ Ìyálóde, torí ariwo ẹnu ẹ̀. Ẹni tó pariwo kọ́ ni alátakò nígbà gbogbo.

* * *

Rárá o, mi ò ní PDF àwọn ìwé yìí. Ẹ yé bi mí mọ́.

Torí pé ẹni méje ti béèrè, ẹ gbọ́: àwọn ìwé ìgbà náà, ẹ lè rí díẹ̀ lára wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, àwọn míì sì wà tí wọ́n ṣì ń tún tẹ̀. Ti Sẹ̀gilọlá, ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber ti tẹ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2012, Yorùbá ẹ̀ wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀ kì í ṣe owó tísà. Ẹ wá a ní láíbìrì yunifásítì. Sípẹ́lì ìgbà náà ni wọ́n fi kọ ọ́, "aiye" dípò "ayé", ojú á kọ́kọ́ ro ọmọ, lẹ́yìn ojú ewé díẹ̀ á mọ́ ọn lára.

Ẹni tó ní ọmọ òun ò lè ka àmì ohùn, ẹ kà á sókè fún un. Kò sí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ gbàgàdà pé, "Kò sí Yorùbá tó mọ iyì ara ẹ̀ tó máa dìde sí ọba." Mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n, Abẹ́òkúta ńkọ́? Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, lórí owó orí, tí wọ́n pagbo yí ààfin ká, tí wọ́n ń kọrin èébú, tí Aláké Adémọ́lá fi gbé adé sílẹ̀ ní 1949. Ó wà nínú Aké tí Ṣóyínká kọ ní 1981 nípa ìgbà kékeré ẹ̀, ojú ẹ̀ ló ṣe, ọmọdé ni nígbà náà tí wọ́n ń rán an níṣẹ́ káàkiri láàárín àwọn ìyá yẹn. Ìṣọ̀lá sì ti tú u sí Yorùbá, nítorí náà ọkọ àǹtí wa tó ní kí ọmọ kà á ní Yorùbá kò ní àwáwí.

Ẹ tún wo ohun kan níbẹ̀. Àwọn tó dìde yẹn kì í ṣe ọmọ ọdún 16. Ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n, ìyá arúgbó wà níbẹ̀, oníṣòwò ọjà ni ọ̀pọ̀ wọn. Gbogbo wa kàn ń sọ̀rọ̀ níbí bí ẹni pé ọmọdé nìkan ló ń tako àṣà, tí àgbà á sì máa dáàbò bò ó. Àgbà ló ṣe ti Abẹ́òkúta.

Ó tún ku ti Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, 1969. Àjàyí àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní àwọn ò sin Olúmokò, ọba tó ń jẹ lé wọn lórí, mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ jù ni pé kì í ṣe ẹnì kan ló ń sọ ìtàn náà, Àjàyí á sọ tiẹ̀, Ìbíwùmí á sọ tiẹ̀, Àyọ̀wí á sọ tiẹ̀, ẹ̀ẹ́ wá rí i pé ọ̀tẹ̀ tó jọ nǹkan ńlá lójú ẹnì kan, wàhálà àti ẹ̀wọ̀n ni lójú ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ ẹyọ ìwé kan ni mo lè fún ọmọ yẹn, òun ni màá fún un.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, Ọmọ Olókùn Ẹṣin yàtọ̀ sí Ikú Olókùn Ẹṣin o. Mo rí ẹni méjì tó ti pa wọ́n pọ̀. Èkejì yìí ni ti Ṣóyínká tó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1975 tí Ìṣọ̀lá tú. Dúró Ládípọ̀ ti ṣáájú fi ìtàn kan náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Ó sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Ọ̀yọ́, ní àwọn ọdún 1940, Aláàfin wàjà, ó yẹ kí olókùn ẹṣin bá a lọ, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kò gbọdọ̀ kú.

Torí pé ẹ ti mẹ́nu bà á, ẹ jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ rú fún yín díẹ̀. Ta ni olóríkunkun nínú ìyẹn? Ẹ ó ní bàbá ni, ó yẹ kó kú, kò kú, alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó lọ ló tún ń wá ìyàwó tuntun. Àmọ́ bàbá yẹn ò tako àṣà kankan o, ayé ló dùn mọ́ ọn! Kò dìde kó ní àṣà yìí ò dáa. Ẹ wá wo Olúndé ọmọ ẹ̀. Ó ti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lókè òkun, gbogbo ẹni tó rí i, òyìnbó àti dúdú, ló rò pé ojú ẹ̀ ti là, pé á ní kí wọ́n fi bàbá òun sílẹ̀. Òun ló wá kú dípò bàbá ẹ̀. Láàárín àwọn tó jọ kàwé, ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ló ṣe. Tí ó bá jẹ́ pé ṣíṣe ohun tí àwùjọ ẹni ò fẹ́ ni à ń pè ní títako àṣà, òun ló ṣe é, àṣà ló sì fi ṣe é.

Èmi ò fara mọ́ ikú yẹn o, kẹ́ ẹ má baà fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n rán lọ kọ́ṣẹ́ dókítà kó wá kú torí ẹṣin ọba, ó ń dùn mí di ìsinsìnyí. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ láàárín ọ̀lẹ, ojo, ọlọ́kànjúwà àti ẹni tó fi ọgbọ́n kọ nǹkan, ibẹ̀ ni kó lọ. Ẹni tó sọ pé "mi ò ṣe" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń pe ara wọn ní alátakò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, abọ́ ni wọn ò fẹ́ fọ̀.

* * *

Àǹtí wa tó ń kọ̀wé láti London ní a ti gbàgbé Buchi Emecheta. A ò gbàgbé ẹ̀. Ará Ìbùzọ́ làwọn òbí ẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1944, kì í ṣe Yorùbá lóòótọ́, àmọ́ Second-Class Citizen tó kọ ní 1974, mo dá yín lójú pé ìyàwó Yorùbá tó pọ̀ ní London ló kà á tó ní èmi rèé. Adah tó fi tipátipá wọ ilé-ìwé lọ́mọdé torí pé àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń rán lọ, tó tẹ̀lé ọkọ dé ìlú òyìnbó, tó ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé, tó wá jókòó kọ̀wé, ọkọ ẹ̀ sì dáná sun ìwé náà. Ohun tí ọkọ Emecheta ṣe fún un nìyẹn, kì í ṣe àròsọ. Ó kó ọmọ ẹ̀ jáde.

Ìwé yẹn ò fi ìyà kankan jẹ ẹ́ ní ìparí torí pé ó kó jáde. Ẹ rí ìyàtọ̀? Kò ní páásítọ̀ kankan tó ń bẹ̀rù.

Bọ̀dá ará Ìbàdàn ti fèsì pé ṣé mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin kó jáde nílé ọkọ ni. Bọ̀dá, ọkọ tó bá sun iṣẹ́ ọwọ́ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yin á jókòó tì í?

* * *

Àwọn ọkùnrin náà wà o. Láwúwo inú Rẹ́rẹ́ Rún tí Òkédìjí kọ ní 1973, olórí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gbà kí wọ́n rà á. Wọ́n fi ọgbọ́n gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀, obìnrin náà gbé májèlé jẹ, Láwúwo sì ya wèrè. Àwọn kan níbí ti ń sọ pé ìwé yẹn ń kọ́ wa pé yúníọ̀n ò wúlò. Bẹ́ẹ̀ kọ́! Ẹ padà síbi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa wó o, ẹ ó rí i pé wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀. Ẹni tí kò wúlò, ta ló máa pète báyẹn lórí ẹ̀?

Amos Tutùọlá tiẹ̀ tako gírámà pàápàá. Mẹ́séńjà ló ń ṣe ní ófíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tó kọ ìtàn ọ̀mùtí yẹn, The Palm-Wine Drinkard, ilé ìtẹ̀wé Faber ní London tẹ̀ ẹ́ ní 1952, inú àwọn òyìnbó dùn, inú àwọn ọ̀mọ̀wé wa bàjẹ́, wọ́n ní ó ń dójú tì wá pẹ̀lú irú Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Kò yí i padà. Ó kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ògúnmọ́lá wá gbé e padà sí Yorùbá lórí ìtàgé ní 1963, kò sẹ́ni tó bínú mọ́.

Tí ẹ bá rántí, inú ìwé Tutùọlá yẹn ni ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ wà, tó lọ tẹ̀lé ọkùnrin arẹwà kan láti ọjà, ọkùnrin náà wá ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni ín lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ lọ, apá lọ, títí ó fi ku agbárí lásán.

* * *

Èyí ló gbé mi padà sọ́dọ̀ àǹtí tó béèrè ọ̀rọ̀, torí mo rí i pé ẹ ti kọ̀wé pé màmá ṣì ń bínú, wọ́n sì máa wà pẹ̀lú yín títí ọdún Iléyá.

Ẹ bi màmá bóyá wọ́n mọ àlọ́ ọmọ tó kọ gbogbo ọkọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò sí màmá ọjọ́ orí wọn tí kò mọ̀ ọ́n, orin ẹ̀ sì wà lẹ́nu wọn. Ẹ ní kí wọ́n pa á fún ọmọ yín lálẹ́, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ wo ibi tí ohùn màmá ti máa yí padà. Mo fẹ́ bá yín ta tẹ́tẹ́ pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ní "ẹ̀yin ọmọdé, ẹ máa gbọ́ràn" ni. Ibi tí ọmọ yẹn ti wo gbogbo wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọlọ́rọ̀, ọmọ ọba, àgbẹ̀, tó ní rárá, ni.

Ẹni tó ní kí ẹ fi ìwé Yorùbá rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì fún un, mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ tán o. Ẹ má fi ìwé Yorùbá ṣe ìyà jẹ ọmọ. Tí ẹ bá gba èyí tó ń kà lọ́wọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ wá ki Fálétí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á kórìíra Fálétí títí ayé, kò sì ní jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kó ka tiẹ̀ parí. Ẹ̀yin náà ẹ kà á, torí mo fura pé ẹ ò tíì ka èyíkéyìí nínú wọn, ẹ̀yìn ìwé lẹ kà. Lẹ́yìn náà ẹ bi í pé ta ló rí bákan nínú ẹ̀, ta ló purọ́, ta ló kàn ń ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan. Ọkọ yín náà, kí ó kà á, kó yé pàṣẹ láti orí àga.

Tó bá sì ko yín lójú lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ọmọ ọdún 16 ni, á ko yín lójú bó bá jẹ́ Bíbélì nìkan ló ń kà.

* * *

Sí ẹni tó bi mí bóyá Sẹ̀gilọlá tọ́ sí ọmọ ọjọ́ orí yẹn: ó tọ́. Kò sí ohun tó rí níhòòhò níbẹ̀, ọgbọ́n ẹnu ló pọ̀ jù. Àwọn fíìmù tó ń wò lórí fóònù burú jù ú lọ.

Sí Bọ̀dá Ìbàdàn: ẹ kọ́kọ́ ka Rẹ́rẹ́ Rún láti ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó padà wá bá mi jà, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ há sórí fún ìdánwò ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ẹni tó bá sì ní Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí ojú ewé ẹ̀ pé, kó kàn sí mi níkọ̀kọ̀, kó sọ iye tó fẹ́ tà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yá tèmi ya ìdajì ẹ̀ lọ.